Fóǹtì tí mo fowó mi rà, ṣé mo lè kó o sínú géèmù mi?

Ọmọ Kóòdù
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ fóǹtì yìí, ìyẹn fáìlì ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ti fẹ́ dà mí lórí rú. Èmi àti ẹnìkan tó ń bá mi yàwòrán la jọ ń ṣe géèmù kan, Unity, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, la fi ń ṣe é, ó máa jáde lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mo ra fóǹtì kan lóṣù tó kọjá, mo sanwó ẹ̀ pé, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo sì fi ṣe gbogbo mẹ́nù àti ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn inú géèmù ń bá ara wọn sọ. Àfìgbà tí mo ka ìwé tó wà nínú zip yẹn lánàá tí mo wá rí i pé "desktop" ni láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ ìlò, tí mo rà, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ pín fáìlì náà fún ẹnikẹ́ni. Ṣé kíkó o sínú géèmù náà wá jẹ́ pípín ni? Èmi rò pé mo ti rà á, tèmi ni. Oṣù méjì ló kù ká gbé e jáde.

Àgbà Lẹ́tà
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí ímeèlì ilé fóǹtì bá dé ni wọ́n tó ń ké gbàjarè.

Ohun tó o rà kì í ṣe fóǹtì o. Àṣẹ láti lò ó lọ́nà kan pàtó lo rà, ẹni tó yà á ló ṣì ni ín. Bí ẹni gba yàrá nínú ilé onílé ló rí: o sanwó, o ń sùn níbẹ̀, àmọ́ owó yẹn ò ní kó o tún lọ fi yàrá náà háyà fún ẹlòmíì.

Wọ́n wá pín àṣẹ yìí sí oríṣiríṣi. Ti desktop, kó o gbé e sórí kọ̀ǹpútà ẹ kó o fi ya nǹkan, iye èèyàn tàbí iye kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Ti wẹ́ẹ̀bù, iye ìgbà táwọn èèyàn bá ṣí ojú ewé ẹ ni wọ́n sábà ń fi kà á. Ti áàpù, ibẹ̀ ni géèmù wà, ọ̀pọ̀ ilé fóǹtì iye áàpù ni wọ́n ń kà, pé géèmù kan owó kan, àwọn mìíràn ń ka iye ẹni tó dáunlóòdù ẹ̀ tàbí iye ẹni tó ń lò ó lóṣù. Ti ìwé orí ẹ̀rọ wà, ti fídíò àti tẹlifíṣọ̀n wà, ti sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà wà.

Ìdí tí ti áàpù fi dá dúró ni pé tó o bá ti kó fáìlì fóǹtì, .ttf tàbí .otf, sínú géèmù, gbogbo ẹni tó bá dáunlóòdù géèmù yẹn ló gba ẹ̀dà fóǹtì yẹn pẹ̀lú. APK tó ò ń wò yẹn, ìyẹn fáìlì áàpù Android, zip ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú á ti ráyè wọ fódà assets kó o tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, pípín ni wọ́n kà á sí.

Ayàwòrán Òru
Ẹ má jẹ́ kẹ́rù bà á jù o. Kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tójú rí nínú géèmù ló nílò láísẹ́ǹsì áàpù. Orúkọ géèmù tẹ́ ẹ yà tó ti di PNG, bọ́tìnì tẹ́ ẹ ti kọ "Bẹ̀rẹ̀" sí lára nínú Photoshop tẹ́ ẹ sì gbé wọlé gẹ́gẹ́ bí àwòrán, nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tí mo ti kà desktop ti tó fún ìyẹn, torí fáìlì fóǹtì ò bá a rìn, àwòrán lásán ló lọ. Ibi tó ti ń di wàhálà ni ọ̀rọ̀ tí géèmù fúnra ẹ̀ ń tò, bíi máàkì tó ń yí, orúkọ tí ẹni tó ń ṣeré tẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa tú sí èdè mìíràn lọ́la. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú géèmù kíyẹn tó ṣeé ṣe.

Kìkì pé àwọn ilé kan fẹ́ owó ọ̀tọ̀ fún lógò. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Kóòdù
Ẹ ṣé gan-an. TextMeshPro, irinṣẹ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú géèmù nínú Unity, ni mò ń lò, ìyẹn náà ń sọ lẹ́tà di àwòrán kan gbàǹgbà. Ṣé ìyẹn ò wá bọ́ sábẹ́ àwòrán tí wọ́n ní desktop tó fún báyìí?

Ẹ̀rọ Ò Sùn
Ọ̀rọ̀ TextMeshPro yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́, ẹ jẹ́ kí n là á.

Tó o bá fi fóǹtì ṣe Font Asset, Unity á ya àwọn lẹ́tà yẹn sórí àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní atlas. Tó o bá yan Static, atlas yẹn àti ìwọ̀n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa bá géèmù lọ, .ttf fúnra ẹ̀ kò ní bá a lọ. Tó o bá yan Dynamic, fóǹtì gan-an á wọlé, torí pé ìgbà tí géèmù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló tún ń ya lẹ́tà tí kò tíì sí nínú atlas. Mo ti rí àwọn tó ní "a ò kó fóǹtì kankan síbẹ̀" tó sì jẹ́ pé Dynamic ni wọ́n fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò mọ̀.

Àmọ́ Static ò tú ẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwé àdéhùn o. Àwọn ilé kan kọ ọ́ gbangba pé bó o sọ fóǹtì di bitmap, ìyẹn àwòrán lásán, bó o kó o sórí atlas, níwọ̀n ìgbà tí géèmù ṣì lè mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fi to ọ̀rọ̀ tuntun, kíkó o sínú ẹ̀ náà ni wọ́n kà á sí. Àwọn mìíràn gbà á láyè. Kò sí ẹni tó lè bá ẹ dáhùn ẹ̀ láìka tìẹ. Ṣí ìwé yẹn kó o wá "embed", "bitmap", "derivative" àti "application" nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti jáde ni kó o fara balẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí ò mọ sórí Unity nìkan. Ẹni tó ń lo Godot, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, fáìlì .pck ẹ̀ ṣeé tú. Ẹni tó fi Electron, ètò tí wọ́n fi ń ṣe áàpù kọ̀ǹpútà, ṣe áàpù, fáìlì .asar ẹ̀ ṣeé tú. Ẹni tó ń ṣe géèmù orí bráwúsà, fóǹtì ẹ ń lọ sí kọ̀ǹpútà àlejò kedere, láísẹ́ǹsì wẹ́ẹ̀bù nìyẹn máa ń bèèrè, tó o bá wá gbé géèmù kan náà wọ inú áàpù fóònù lẹ́yìn náà, ti áàpù á tún kún un. Nínú ọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì áàpù pàápàá wọ́n máa ń ní kó o dáàbò bo fáìlì náà kí ẹlòmíì má lè yọ ọ́ jáde ní tútù, nítorí náà má kàn jù ú sínú fódà ní gbangba lẹ́yìn tó o bá ti sanwó tán.

Ojú Ewé Kejì
Mo fẹ́ bi yín, mo fi ẹ̀rọ kan ṣí fóǹtì tèmi, fsType tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 0, wọ́n ní "Installable". Ṣé ìyẹn ò ti fún mi láyè?

Àgbà Lẹ́tà
Rárá o. fsType jẹ́ nọ́ńbà kékeré kan nínú tábìlì OS/2, apá kan nínú fáìlì fóǹtì, 0 ni pé kò sí ìdíwọ́, 2 ni pé wọn ò gbà kó o kó o sínú nǹkan kan, 4 ni pé kí wọ́n wò ó kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nìkan, 8 ni pé wọ́n lè tún ìwé náà kọ. Torí àwọn ìwé bíi PDF àti Word ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kí ètò tó ń ṣe ìwé lè mọ ohun tó máa ṣe. Kì í ṣe ìwé àdéhùn. Mo ti rí fóǹtì olówó tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 0 tí ìwé àdéhùn ẹ̀ sì sọ pé kò gbọdọ̀ wọ áàpù rárá. Ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn ló lágbára. Bó o bá ti wà nínú fóǹtì náà tẹ́lẹ̀ ṣáà, wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nameID 13 àti 14, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ irú láísẹ́ǹsì tó ní àti líǹkì ẹ̀, ó wúlò gan-an fún fóǹtì tó o bá lórí kọ̀ǹpútà tí o ò rántí ibi tó ti wá mọ́.

Màmá Píksẹ́lì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá á gba ẹnìkan lọ́wọ́ ohun tójú mi rí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni, mo ṣe gbogbo ojú áàpù kan fún oníbàárà, mo lo fóǹtì tí mo ti rà fúnra mi lọ́jọ́ tó ti pẹ́, nígbà tí mo parí mo di gbogbo fódà mo fi ránṣẹ́ sí wọn, fóǹtì wà nínú ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ torí mo ní rìsíìtì. Ó lé lọ́dún kan tí áàpù yẹn ti jáde kí ilé tó ya fóǹtì náà tó kọ̀wé sí oníbàárà mi, wọ́n rí i nínú áàpù, wọ́n ní kí wọ́n fi láísẹ́ǹsì wọn hàn. Oníbàárà pè mí, mo fi rìsíìtì tèmi hàn, ni wọ́n bá ní orúkọ èmi ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni áàpù, àti pé desktop ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oníbàárà ló san owó áàpù, wọ́n san ti àkókò tó ti kọjá náà, wọn ò sì gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ látìgbà yẹn. Ó dùn mí títí dòní torí èèyàn dáadáa ni wọ́n.

Báyìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan ni mo ti ń sọ fún oníbàárà pé fóǹtì tí mo fẹ́ lò rèé, ẹ̀yin lẹ máa ra ti áàpù lórúkọ yín, èmi á ra desktop tèmi tí mo máa fi yàwòrán. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iye owó tí mo ń fún wọn. Ẹni tí ẹ jọ ń yàwòrán yẹn ńkọ́, Ọmọ Kóòdù, ṣé òun náà fi fóǹtì yẹn sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀? Tí desktop yín bá jẹ́ ti ẹnìkan, ẹ ti di méjì nìyẹn o.

Ọmọ Kóòdù
Ha. Ó wà lórí tiẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ro ibẹ̀ rárá, Màmá, ẹ ṣé.

Ìwé Òfin
Àwọn kan máa wá sọ fún yín pé ìrísí lẹ́tà ò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, ẹjọ́ Eltra àti Ringer ní 1978 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ìrísí lẹ́tà lásán ò ṣeé forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ṣùgbọ́n fáìlì fóǹtì, ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n kà á sí, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ níbẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 1992, ẹjọ́ Adobe àti Southern Software ní 1998 sì gbè é lẹ́yìn. Fáìlì yẹn gan-an lẹ sì ń kó sínú géèmù. Ẹ tún wá wò ó pé géèmù tó bá wà lórí ìtajà áàpù, kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ń lọ, Jámánì ní òfin ti lẹ́tà láti 1981, Bírítéènì ní tiẹ̀ nínú òfin 1988. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, ìgbà tẹ́ ẹ tẹ "I agree" lẹ́ ti wọ àdéhùn.

Ilé ńlá náà ò yọ sílẹ̀. Ní 2016 Font Brothers tó ń ta fóǹtì gbé Hasbro tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé lọ sílé ẹjọ́ lórí fóǹtì Generation B tí wọ́n ní ó wà lára ọjà My Little Pony láìgba àṣẹ tó yẹ.

Fóǹtì Ọ̀fẹ́
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀fẹ́ torí òun ló gbà mí. SIL Open Font License (OFL), láísẹ́ǹsì fóǹtì ọ̀fẹ́, ẹ̀dà 1.1 tó jáde ní 2007, gbà kó o kó fóǹtì sínú géèmù, kó o ta géèmù náà, kó o ṣe é lórí iye ẹ̀rọ tó wù ẹ́, kò sí ẹni tó máa ka iye tó dáunlóòdù. Ọ̀pọ̀ jù lọ fóǹtì tó wà lórí Google Fonts, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wà, Noto, fóǹtì ọ̀fẹ́ ti Google, náà wà níbẹ̀. Kìkì ohun tí wọ́n bèèrè ni pé o ò gbọdọ̀ ta fóǹtì náà ní òun nìkan, kó o sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín àti ìwé láísẹ́ǹsì náà bá a rìn, èmi máa ń fi OFL.txt sínú fódà géèmù mo sì tún máa ń fi sí ibi tí a ti ń dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́.

Ibì kan wà tó máa ń mú èèyàn. Tí fóǹtì náà bá ní Reserved Font Name, ìyẹn orúkọ tí ẹni tó ṣe é fi pa mọ́ fún tiẹ̀ nìkan, tó o bá tún un ṣe o ò gbọdọ̀ fi orúkọ yẹn pè é mọ́. Gígé e kù, kó o yọ àwọn lẹ́tà tí o ò lò kí géèmù lè fúyẹ́, títún un ṣe ni wọ́n kà á sí. Yí orúkọ ẹ̀ padà, ó tán. Èyí tó o tún ṣe náà ò lè kúrò lábẹ́ OFL.

Ẹ sì má dà á pọ̀ mọ́ "free for personal use" o, ìyẹn ò kan géèmù tẹ́ ẹ fẹ́ tà.

Ojú Ewé Kejì
Èmi ń sanwó Adobe lóṣooṣù, fóǹtì wọn pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn tó wà nínú Windows náà ńkọ́?

Ẹ̀rọ Ò Sùn
Adobe Fonts, o lè fi yàwòrán, o lè fi ṣe PDF, àmọ́ wọn ò gbà kó o kó fáìlì ẹ̀ sínú áàpù tàbí géèmù tó ò ń pín. Tó o bá fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn gan-an, lọ bá ilé tó yà á kó o ra ti áàpù lọ́wọ́ wọn. Ti Windows náà bẹ́ẹ̀, Microsoft ò ní kó o dà á kọ sínú géèmù ẹ. Fóǹtì San Francisco ti Apple, wọ́n ní kó o fi ya bí áàpù Apple ṣe máa rí ni, kì í ṣe kó o gbé e lọ sórí Android.

Ohun tó yàtọ̀ ni kí áàpù ẹ kàn pe fóǹtì tó ti wà lórí fóònù ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀. O ò pín nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló ní fóǹtì ẹ̀. Tó bá jẹ́ áàpù tí kò nílò ẹwà púpọ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn.

Àmì Ohùn
Ọ̀rọ̀ títún fóǹtì ṣe tí Fóǹtì Ọ̀fẹ́ mẹ́nu bà yẹn kan àwa tó ń fi Yorùbá ṣe géèmù o. Fóǹtì olówó tó rẹwà lè má ní ẹ, ọ àti ṣ, tàbí kó ní wọn kí àmì ohùn wá máa fò lọ síbi tí kò yẹ, torí pé ẹ́ àti ọ̀ ò ní kóòdù tiwọn nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, àmì ní láti wá jókòó lé lẹ́tà lórí ni. Mo fẹ́ fi FontForge, ètò tí wọ́n fi ń tún fóǹtì ṣe, fi kún un fúnra mi nígbà kan, ìwé àdéhùn ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo kọ̀wé sí ẹni tó yà á, ó sì fi kún un fúnra ẹ̀, inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn pé mo béèrè. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹ tẹ "ọ̀rẹ́ ẹ̀ṣọ́" síbi tí wọ́n ti ń dán fóǹtì wò lójú ìtajà wọn, ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀.

Àgbà Lẹ́tà
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ fi kún un, ìyẹn sísanwó lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ pé lọ́dọọdún lò ń sanwó fún fóǹtì, béèrè kó o tó bẹ̀rẹ̀: tí mo bá dáwọ́ dúró, ṣé géèmù tó ti jáde ṣì lè máa lò ó? Ṣé mo ṣì lè tún géèmù náà ṣe? Ìdáhùn yàtọ̀ láti ilé kan sí òmíràn. Ìgbà tí ẹni tó ń tà á bá yí ètò ẹ̀ padà, àwọn tó ń fi èdè bíi Japaníìsì ṣe géèmù ló máa ń ni lára jù, torí JIS X 0208, àkójọ lẹ́tà Japaníìsì kan, nìkan ní kanji (lẹ́tà aláwòrán wọn) 6,355, ta ló fẹ́ yà á fúnra ẹ̀.

Ilé fóǹtì náà sì ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ilé fóǹtì ńlá Monotype ra Linotype ní 2006, ó ra Bitstream tó ni MyFonts ní 2012, ó ra FontShop ní 2014. Ìwé àdéhùn tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù lónìí lè má jẹ́ èyí tó o fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ tó o bá rà á ni kó o ti tọ́jú PDF àdéhùn, rìsíìtì àti nọ́ńbà ọjà sínú fódà kan náà pẹ̀lú géèmù.

Ní ti ìwọ, Ọmọ Kóòdù, kọ̀wé sí wọn. Sọ pé géèmù kan ni, ẹ̀rọ báyìí báyìí ló máa wà, èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Static atlas lo fẹ́ lò. Béèrè bóyá fóònù àti kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì lójú wọn, torí àwọn kan ń kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Béèrè bóyá apá kejì géèmù máa gba owó tuntun. Ìdáhùn tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, tọ́jú ẹ̀.

Ọmọ Kóòdù
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo kọ̀wé sí wọn bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́, wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì, wọn ò bínú rárá. Atlas náà, kíkó o sínú ẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Fóònù àti kọ̀ǹpútà jẹ́ géèmù kan lójú wọn, owó ẹ̀ẹ̀kan, kò lọ́jọ́ tí á parí, àmọ́ apá kejì á sanwó tiẹ̀. Desktop sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èèyàn méjì.

Mo bá ẹnìkejì mi sọ ọ́, a wo owó ọwọ́ wa. A ti ra desktop kún un fún òun, fóǹtì yẹn á wà lára orúkọ géèmù àti àkọlé orí kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ àwòrán, mo tún bi wọ́n nípa ìyẹn, wọ́n ní kò séwu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń yí, máàkì, mẹ́nù, ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, mo ti gbé e sí Noto Sans. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko torí lẹ́tà ẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ń yọ jáde nínú àpótí, mo ní láti tún wọn wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ àti ọ̀rẹ́ hàn kedere, ó dùn mọ́ mi nínú.

Fóǹtì Ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni Noto yẹn, ṣé kí n fi sínú fáìlì nìkan ni àbí kó hàn lójú géèmù?

Fóǹtì Ọ̀fẹ́
Fáìlì tó bá géèmù rìn ti tó. Àmọ́ lórí fóònù, ẹni tó ń ṣeré ò lè ṣí fódà géèmù, nítorí náà fi bọ́tìnì "Láísẹ́ǹsì" kan sí ìsàlẹ̀ mẹ́nù ètò kó o da gbogbo OFL.txt síbẹ̀, tòun ti ìlà ẹ̀tọ́ àdàkọ tó wà lókè ẹ̀. Má yọ ìlà yẹn o.

Ọmọ Kóòdù
Mo ti fi síbẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Píksẹ́lì pàápàá.